Ìrìn Ló Gbé Wa Dé Ibi Irin

Bí ẹ bá bi mí pé níbo ni téṣàn Ògbómọ̀ṣọ́ wà,
n ó ní ó wà ní Ọ̀fà, ó wà ní Òṣogbo,
ó wà níbi tí ẹsẹ̀ ìyá ìyá mi ti wú.
Nílé tiwa, irin kò yà.

Àwọn àgbà Ìjerù ní òyìnbó kan wá wọn ilẹ̀ nígbà kan,
ó fa okùn funfun gba ẹ̀yìn oko,
ó kan èèkàn mẹ́ta, ó mumi, ó lọ.
Àwọn kan ní àwọn ìjòyè ló kọ̀,
wọ́n ní èéfín rẹ̀ yóò ba iṣu jẹ́ nínú ebè.
Àwọn mìíràn ní òkúta ló pọ̀ jù.
Ayọ̀ka, ìyá ìyá mi, ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀:
"Ta ló bi wá?
Ọ̀kan nínú èèkàn yẹn ni bàbá mi so ewúrẹ́ mọ́."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rìn.
Àkùkọ kò ì kọ tí wọn a ti kọjá odò Ọbà,
ẹrù aṣọ lórí, ẹ̀kọ tútù nínú ewé.
Wọn a sùn ní Ìlobùú.
Ọjọ́ kejì ni wọn a tó gbọ́ fèrè.

Ayọ̀ka kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ orúkọ wọn
bí ẹni ń ka ọmọ ìyá rẹ̀:
Òṣogbo, Ìkìrun, Ọ̀fà, Ìlọrin,
Jẹ́bà, níbi tí ọkọ̀ ti ń fẹ̀sọ̀ gun afárá
tí àwọn obìnrin a ju kọ́bọ̀ sódò,
kí odò má baà bínú.
Ó mọ ọ̀gá téṣàn Ìkìrun tó ń fi ojú kan wo aago,
ó mọ agogo tí wọ́n ń lù ní Ìlọrin: ó ti sán.
Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà náà le bí èékánná,
wọn a dá a lu kí o tó wọlé.
Àwọn tí kò ní a sá sábẹ́ àga,
àwọn obìnrin a na ìró bò wọ́n.
Òun náà bo ẹnì kan rí.
A bi í pé ta ni, kò sọ.
Bàbá àgbà, Oyèdèmí, a kàn wúkọ́,
a dìde, a ní òun ń lọ wo ọ̀run bóyá òjò ṣú.

Ìyá mi, Jẹ́bà ni wọ́n bí i sí,
lórí pèpéle sìmẹ́ńtì,
láàárín àpò ẹ̀pà àti àgò adìẹ.
Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́.
Fèrè dún, ọkọ̀ lọ, ẹrù aṣọ wà nínú rẹ̀;
títí dòní, ẹnikẹ́ni kò dá a padà.
"Àádọ́ta aṣọ ni mo fi ra ọmọ kan,"
bẹ́ẹ̀ ni Ayọ̀ka ń wí, bí ìyá mi bá ṣẹ̀ ẹ́.

Mo lọ sí Ọ̀fà lọ́dún tó kọjá.
Koríko ti hù láàárín irin méjèèjì,
ajá kan sùn sẹ́nu ihò tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.
Bàbá kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì,
ó ní aago mẹ́ta lọkọ̀ ń bọ̀.
Mo ní, aago mẹ́ta òní?
Ó ní, èmi ò sọ tòní.
Mo jókòó tì í.

Wọ́n ní wọ́n ti tẹ́ irin tuntun láti Èkó,
ó dé Ìbàdàn, ó jókòó,
bí àlejò tó gbàgbé orúkọ ẹni tó wá kí.
Bó bá tún dìde, tí wọ́n bá tún fokùn wá,
ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bi wá lọ́tẹ̀ yìí.
Èèkàn kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa.
A ó tú ewúrẹ́.